Ẹ Má Ṣe Ju Kámẹ́rà Bàbá Nù

 

Gbogbo wa ni a mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí òbí bá ti sùn nínú Olúwa, tí a ti ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún un, tí àwọn àlejò sì ti padà sí ilé wọn. Àwọn ọmọ yóò jókòó láti wo ohun tí bàbá tàbí ìyá fi sílẹ̀. Wọn yóò wo ìwé ilẹ̀, wọn yóò wo ìwé báńkì, wọn yóò ka agbádá, wọn yóò sì mú aago ọwọ́ jáde. Nígbà tí ó bá yá, ẹnì kan yóò fa àpò dúdú kékeré kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí. Kámẹ́rà dígítà ni ó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ọmọ tí ó wà ní London máa ń mú bọ̀ wá sílé ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, tàbí èyí tí bàbá fúnra rẹ̀ ra ní tòkunbọ̀. Wọn yóò tẹ̀ ẹ́, kò ní tàn. Ẹnì kan yóò sọ pé, "Èyí ti bàjẹ́, fóònù mi gan-an dára jù ú lọ." Bí ó ṣe di ohun ìṣeré ọmọdé nìyẹn, tàbí tí a gbé e jù sí orí àkìtàn.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú tọ̀ yín wá lóṣù yìí kò ju èyí lọ: ẹ dúró ná. Kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀ lè má tó owó ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ogún náà tí owó kò lè rà padà. Ohun tí ẹ bá sì kọ́kọ́ ṣe sí i ni yóò sọ bóyá àwọn fọ́tò náà yóò yè tàbí wọn yóò ṣègbé.

ÀWỌN ỌDÚN TÍ KÒ SÍ NÍNÚ ÁLÍBỌ́Ọ̀MÙ

Ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa. Ní ayé àwọn òbí wa, fíìmù ni a fi ń ya fọ́tò. Bí fíìmù bá ti tán, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fọ fọ́tò, a ó sì gba fọ́tò padà ní ọwọ́ wa. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ṣí álíbọ́ọ̀mù ìyá àgbà, ẹ ó rí ìgbéyàwó ọdún 1974, ẹ ó sì rí ìkómọ ọdún 1982, bí wọ́n tilẹ̀ ti pọ́n díẹ̀. Ní òde òní ẹ̀wẹ̀, fóònù ni gbogbo wa fi ń ya fọ́tò. Kí a tó jẹun tán níbi àríyá, fọ́tò náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ní Èkó, ní London àti ní Houston.

Ṣùgbọ́n ní àárín méjèèjì yìí, àwọn ọdún kan wà. Láti nǹkan bí ọdún 2000 títí dé nǹkan bí ọdún 2012, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ti fi fíìmù sílẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù tí ń ya fọ́tò dáadáa kò ì tí ì wọ́pọ̀. Kámẹ́rà dígítà ni a fi la àwọn ọdún náà já. Nítorí pé a lè rí fọ́tò náà ní ẹ̀yìn kámẹ́rà lójú ẹsẹ̀, a kì í kánjú láti fọ̀ ọ́. A máa ń sọ pé, "Bí ó bá yá, a ó fọ̀ ọ́." Kò yá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Kámẹ́rà wọ inú àpótí, ìrántí ọdún mẹ́wàá sì wọ ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọmọ tí a bí ní ọdún 2004 ti di àgbà. Ó lè fẹ́ mọ ojú ìyá àgbà tí ó wẹ̀ ẹ́, tí ó sì pọ̀n ọ́n, kí ó sì wá fọ́tò náà títí láìrí i, nígbà tí ó jẹ́ pé inú kámẹ́rà tí wọ́n fẹ́ jù nù yẹn ni ó wà. Opó tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 2009 lè ní fọ́tò ọkọ náà ní ọ̀dọ́, kí ó má sì ní ẹyọ kan láti ìgbà ìkẹyìn rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan, ọ̀rọ̀ ìdílé ni.

Àkókò pàápàá kò dúró dè wá. Inú káàdì kékeré ni àwọn fọ́tò náà wà, agbára iná tí ó kéré jọjọ ni ó sì dì wọ́n mú síbẹ̀. Agbára náà a máa rọ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, pàápàá níbi tí ooru bá ti pọ̀. Àwọn tí ń ṣe irinṣẹ́ náà kì í sì í dúró sójú kan. Ní ọdún 1975, ní ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀gbẹ́ni Steven Sasson ṣe kámẹ́rà dígítà àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 23 ni ó fi ń kọ fọ́tò kan ṣoṣo sórí téèpù kásẹ́ẹ̀tì. Kodak yìí kan náà ni gbèsè lé dé ilé ẹjọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2012. Bí irú ilé ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè mì, ẹ má ṣe rò pé okùn àti káàdì kámẹ́rà àtijọ́ yóò máa wà lórí àtẹ títí láé.

FỌ́TÒ KÒ SÍ NÍNÚ BÁTÌRÌ

Ohun tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà nìyí. Bí kámẹ́rà kò bá tàn, wọ́n a rò pé fọ́tò inú rẹ̀ ti kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì ni ó ń mú kámẹ́rà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n inú mẹ́mọ́rì káàdì ni fọ́tò ń gbé. Kámẹ́rà lè kú pátápátá kí fọ́tò inú káàdì má sì ní àbùkù kankan, gẹ́gẹ́ bí rédíò ṣe lè bàjẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì tí ó wà nínú rẹ̀ ṣì máa kọrin nínú rédíò mìíràn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àtúnṣe kámẹ́rà. Ẹ wá ilẹ̀kùn kékeré tí ó wà ní ìsàlẹ̀ tàbí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé kámẹ́rà kò tàn, kí ẹ sì ṣí i pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá rí etí káàdì, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sì ta jáde fúnra wọn. Bí kò bá jáde, ẹ má ṣe fi ipá fà á, kí ẹ má sì ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Àwọn kan ní bọ́tìnì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí a ń tẹ̀ kí káàdì tó jáde.

OHUN MẸ́RIN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Kí a tó sọ ohun tí a ó ṣe, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a kò ní ṣe, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fọ́tò ń kú sí.

Èkínní, bí kámẹ́rà tàbí kọ̀ǹpútà bá sọ pé kí ẹ fọ́mátì káàdì náà kí ó tó lè ṣiṣẹ́, ẹ kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ìmọ̀ràn rere, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí ènìyàn ní kí a gbá ilé mọ́ nígbà tí wúrà ṣì wà nílẹ̀ ni. Ẹ tẹ "No" tàbí "Cancel", kí ẹ sì yọ káàdì náà.

Èkejì, ẹ má ṣe fi káàdì náà ya fọ́tò tuntun láti fi dán kámẹ́rà wò. Fọ́tò tuntun kan lè bo èyí tí ẹ ń wá mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dán kámẹ́rà wò, ẹ wá káàdì mìíràn. Ẹ sì rántí pé púpọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà SD tí a ṣe ṣáájú ọdún 2006 kò lè lo káàdì tí ó bá ju 2GB lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fi ṣájà sí bátìrì tí ó bá ti wú. Àwọn bátìrì pẹlẹbẹ tí a ń fi iná sí, tí wọ́n ń pè ní lithium, lè gbiná bí wọ́n bá ti wú tàbí bí a bá gún wọn. Ẹ yọ ọ́ kúrò pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ọmọdé àti sí iná.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe fi káàdì náà sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni pé ẹ ń bọ̀ wá gbà á. Bí ó bá jẹ́ pé alátùn-únṣe kọ̀ǹpútà ni yóò bá yín ṣe é, ẹ jókòó tì í títí yóò fi tán. Kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń ki fláàṣì bọ̀ sábà máa ń ní fáírọ́ọ̀sì, fáírọ́ọ̀sì sì lè fi fọ́tò yín pamọ́ tàbí kí ó ba káàdì jẹ́. Bí ó bá jẹ́ káàdì SD ni, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ohun kékeré kan tí a lè fà sísàlẹ̀ síbi tí a kọ "Lock" sí. Ẹ fà á síbẹ̀ kí ẹ tó ki káàdì bọ inú kọ̀ǹpútà kankan. A ó lè ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní kọ ohunkóhun sí i.

ẸYÁ KÁÀDÌ KÒ DỌ́GBA

Kì í ṣe irú káàdì kan ni gbogbo kámẹ́rà ń lò. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ sí ojú rẹ̀.

SD ni ó wọ́pọ̀ jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sítáǹpù lẹ́tà, igun kan sì gé nínú rẹ̀. Ọdún 1999 ni ilé iṣẹ́ tí ń ṣe Panasonic, pẹ̀lú SanDisk àti Toshiba, gbé e jáde. A ṣì ń lò ó títí di òní, nítorí náà ẹni tí ó bá bá SD nínú kámẹ́rà bàbá rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn. CompactFlash ṣáájú rẹ̀, ọdún 1994 ni ó jáde. Ó fẹ̀, ó sì nípọn, ihò wẹ́wẹ́ méjì ìlà wà ní etí rẹ̀. Ẹ ki i bọ̀ ọ́ tààrà, nítorí pé àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń wọ inú ihò náà máa ń tẹ̀.

Memory Stick ni ti Sony, láti ọdún 1998. Ó rí gbọọrọ bí ṣingọ́ọ̀mù. Ọdún 2010 ni Sony tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kámẹ́rà tí ń gba SD pẹ̀lú rẹ̀. xD ni ti Olympus àti Fujifilm, láti ọdún 2002. Ó kéré gan-an, kò sì ju 2GB lọ. SmartMedia, tí Toshiba gbé jáde ní ọdún 1995, tínrín bí káàdì ATM, ojú wúrà kan sì wà lára rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ojú wúrà náà. Bí kámẹ́rà náà bá sì jẹ́ Sony ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Mavica, ó lè jẹ́ floppy disk ni ó ń lò, irú èyí tí a ń ki bọ kọ̀ǹpútà ní ayé ìgbà kan. Sony bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1997, ó sì dáwọ́ títa floppy disk dúró ní ọdún 2011.

Ohun tí ẹ nílò ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń ki káàdì bọ̀, tí a sì ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní card reader. Ti SD kò wọ́n, ó sì wà káàkiri. Òmíràn wà tí a lè so mọ́ fóònù pàápàá. Ti xD àti ti SmartMedia ni ó máa ń gba wíwá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ara ẹ̀rọ náà bóyá wọ́n kọ orúkọ káàdì yín sí i. Ibi tí a ti ń ta irinṣẹ́ tòkunbọ̀, bíi Computer Village ní Ìkẹjà, ni ẹ lè kọ́kọ́ béèrè. Bí ẹ bá sì ní ẹni ní òkè òkun, ẹ fi àwòrán káàdì náà ránṣẹ́ sí i kí ó bá yín wá ẹ̀rọ tí ó bá a mu. Ẹ má ṣe fi káàdì gan-an ránṣẹ́ kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Nígbà tí káàdì bá ti ṣí lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí fódà kan tí a kọ DCIM sí. Ibẹ̀ ni fọ́tò wà, nítorí pé láti ọdún 1998 ni àwọn tí ń ṣe kámẹ́rà ti fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ náà. Ẹ yan "Copy", ẹ má ṣe yan "Cut". Ẹ kó gbogbo ohun tí ó wà nínú káàdì náà, kì í ṣe èyí tí ó wù yín nìkan. Ẹ ṣí díẹ̀ nínú wọn wò lórí kọ̀ǹpútà láti rí i pé wọ́n wọlé dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ mú káàdì kúrò, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ má ṣe pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀.

BÍ KÒ BÁ SÍ KÁÀDÌ NÍNÚ RẸ̀

Ẹ má ṣe sọ ìrètí nù. Púpọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà náà ní ààyè kékeré nínú ara wọn tí wọ́n lè tọ́jú fọ́tò sí, bí kò tilẹ̀ sí káàdì. Ó lè máà ju fọ́tò mẹ́wàá tàbí ogún lọ, ṣùgbọ́n nínú mẹ́wàá náà ni èyí tí ẹ ń wá lè wà. Àwọn mìíràn ní káàdì, síbẹ̀ wọ́n tún ní fọ́tò nínú ara wọn tí a kì í rí àfi bí a bá yọ káàdì náà kúrò. Ní irú èyí ni a tó nílò kí kámẹ́rà tàn.

Bí ó bá jẹ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré ni ó ń lò, ẹ wo ibi tí bátìrì ń jókòó. Bí ẹ bá rí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tí ó gbẹ síbẹ̀, oje bátìrì ni. Ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́, kí ẹ yọ bátìrì náà dànù. Ẹ fi òwú tí a fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà díẹ̀ pa nu orí irin náà, kí ẹ fi òwú mìíràn tí a fi sípíríìtì pa tún un nù, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá. Ẹ má ṣe da omi sí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ ra bátìrì tuntun tí ó lágbára. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú kì í gbé kámẹ́rà, nítorí pé kámẹ́rà ń jẹ iná ju tọ́ọ̀ṣì lọ. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí wọ́n sọ pé ó ti kú, ebi bátìrì ni ó ń pa á.

Bí ó bá tàn, ẹ wá okùn tí a fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹnu okùn tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà ni mini-USB, tí ó nípọn ju ti fóònù àtijọ́ lọ. Nikon, Olympus àti àwọn mìíràn ní ẹnu tiwọn lọ́tọ̀, nítorí náà ẹ gbé kámẹ́rà náà dání lọ sọ́jà. Bí ẹ kò bá rí okùn, ẹ wo inú mẹ́nù kámẹ́rà náà. Àwọn kan ní ọ̀nà tí a fi lè kó fọ́tò inú wọn sínú káàdì. Káàdì tí ó ṣófo ni kí ẹ fi gbà á, kì í ṣe káàdì bàbá.

BÍ FỌ́TÒ BÁ TI PARẸ́

Nígbà mìíràn, a ó ṣí káàdì, a ó sì bá a ní òfìfo. Bóyá ọmọdé ti tẹ ohun tí kò mọ̀, tàbí bàbá fúnra rẹ̀ ti pa wọ́n rẹ́. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí kámẹ́rà bá pa fọ́tò rẹ́, orúkọ rẹ̀ ni ó sábà máa ń yọ kúrò nínú ìwé. Fọ́tò náà fúnra rẹ̀ a ṣì wà níbẹ̀ títí ohun mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ má ṣe ya nǹkan tuntun sí i.

Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PhotoRec. Christophe Grenier ni ó ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tú inú káàdì wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì ṣa gbogbo ohun tí ó bá ní àmì fọ́tò jọ. Ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra, ọ̀rọ̀ funfun lórí pátákó dúdú ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ yóò lè lò ó. Inú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ní kí ó kó ohun tí ó bá rí sí, kì í ṣe inú káàdì náà. Orúkọ àwọn fọ́tò yóò ti sọnù, nọ́ńbà ni yóò fún wọn. Kì í rí gbogbo rẹ̀ padà nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí ojú ìyá rẹ̀ padà nínú ogójì fọ́tò tí ó bàjẹ́ kò ní ka iye tí ó bàjẹ́.

Ẹ MÁ ṢE FOJÚ FO OHÙN

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Àwọn kámẹ́rà àtijọ́ wọ̀nyí ń ya fídíò kúkúrú pẹ̀lú. Àwòrán rẹ̀ lè má mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ní ohùn. Bí ẹ bá rí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí AVI tàbí MOV, fídíò ni. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá lè ṣí i, ẹ wá ètò tí wọ́n ń pè ní VLC, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Bí a bá ń ṣa fọ́tò nìkan, a ó fi ohùn sílẹ̀ sínú káàdì. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni bàbá ti ń kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní oríkì, tàbí tí ìyá ti ń súre lórí àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí. Oríkì tí a kò kọ sílẹ̀, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì ti lọ, níbo ni a ó tún ti gbọ́ ọ?

OGÚN TÍ A PÍN TÍ KÒ DÍN KÙ

Ìjà ogún pọ̀ láyé, nítorí pé bí a bá pín ilẹ̀ sí méjì, kò ní tóbi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ti fọ́tò yìí yàtọ̀. Ọmọ mẹ́fà lè pín in kí olúkúlùkù sì gba odidi. Nítorí náà, kí àkọ́bí má ṣe gbé e pa mọ́, kí àbíkẹ́yìn má sì rò pé a fi òun sílẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, ó kéré tán: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú fláàṣì, kí ẹ̀kẹta sì wà ní ìlú mìíràn lọ́wọ́ ọmọ ìyá yín, kí iná tàbí olè má baà kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá gbé tirẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Google, kí ó máa wọlé síbẹ̀ lóòrèkóòrè. Láti oṣù kejìlá ọdún 2023 ni Google ti ní agbára láti pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá lò fún ọdún méjì rẹ́, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ẹ sì yan mẹ́wàá tí ó dára jù, kí ẹ lọ fọ̀ wọ́n sórí ìwé. Ìwé kò bèèrè bátìrì.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kámẹ́rà olóògbé dà bí yàrá rẹ̀. Ẹ lè rí fọ́tò ibùsùn àìsàn níbẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ ìdílé tí kò kan ará ìta. Kí àwọn àgbà ilé kọ́kọ́ wò ó kí ẹnikẹ́ni tó gbé e sí Facebook. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a rí ni a ń fi han ọjà.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, Jóṣúà kó òkúta méjìlá jọ ní Gílígálì, kí àwọn ọmọ lè béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, kí àwọn bàbá sì sọ ọ́ fún wọn. Bí kò bá sí ẹni tí yóò sọ ọ́, òkúta lásán ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò. Ojú tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ ti sọnù lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, ẹ gbé àwọn fọ́tò náà lọ bá àwọn àgbà tí ó kù nígbà tí ojú wọn ṣì ríran. Ẹ mú ìwé àti kálàmù dání. Ta nìyí? Níbo ni? Ọdún wo ni?

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọjọ́ tí kámẹ́rà kọ sára fọ́tò. Bí bátìrì bá ti kú pẹ́, aago inú rẹ̀ a máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀, fọ́tò ìgbéyàwó ọdún 2008 sì lè máa jẹ́rìí pé ọdún 2003 ni òun. Nọ́ńbà tí ó wà nínú orúkọ fáìlì ni kí ẹ máa wò, nítorí pé ó sábà máa ń sọ èyí tí a kọ́kọ́ yà àti èyí tí ó tẹ̀lé e. Aṣọ ẹbí náà a máa jẹ́rìí: ìyá tí kò rántí ọdún yóò rántí ẹni tí ó pín léèsì náà àti ayẹyẹ tí wọ́n fi wọ̀ ọ́. Eyín iwájú ọmọ tí ó ká pàápàá lè sọ ọdún fún yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ̀yin ni ẹ mọ kọ̀ǹpútà, àwọn àgbà ni ó mọ orúkọ. Ẹ jókòó pọ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan kí oṣù yìí tó parí, kí ẹ ṣí àpótí náà, kí ẹ sì fi sùúrù yọ káàdì náà jáde. Kí Olúwa jẹ́ kí a bá ohun tí à ń wá níbẹ̀, kí ó sì dá àwọn tí yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa sí. Ó di oṣù tí ń bọ̀.